Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Oògùn Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Gentamicin, oògùn apakòkòrò, oní-80 mg nìkan ló wà nílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa fa ìwọ̀n tó yẹ fún ọmọ ọjọ́ méjì tó wọn kílò 1.5? (Nọ́ọ̀sì kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ó dáa tí ẹ béèrè kí ẹ tó fà á. Ọmọ tí kò tó kílò 2.5, tí kò sì tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé, 3 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ni, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ti ọmọ yìí jẹ́ 4.5 mg. Nínú ìgò oní-80 mg, 40 mg ló wà nínú mílílítà kan, nítorí náà ohun tó tọ́ sí i kò ju nǹkan bíi 0.11 ml lọ. Ẹni tó bá ṣi òǹkà gbé, tó fa 1.1 ml, ti fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ etí àti kíndìnrín ni gentamicin máa ń bà jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ là á lómi. Ẹ fa gbogbo 2 ml inú ìgò náà sínú sírínjì 10 ml, ẹ fa omi abẹ́rẹ́ 6 ml kún un, kí ẹ sì máa dojú sírínjì náà dé títí yóò fi pò pọ̀. Ó ti di 8 ml, 10 mg ló wá wà nínú mílílítà kan. Ẹ wá fi sírínjì 1 ml fa 0.45 ml. Ẹ má ṣe fa ògidì oògùn bíńtín sínú sírínjì kékeré kí ẹ tó fa omi lé e. Èyí tó há sí ìdí abẹ́rẹ́, níbi tí ìlà sírínjì kò dé, yóò bá omi wọlé, oògùn á sì lé.

Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa o. Òmíràn jẹ́ 20 mg nínú 2 ml, ìyẹn kò fẹ́ omi kankan. Bí ẹ bá là á bíi ti 80 mg, ìdá kan nínú mẹ́rin oògùn náà péré ni ọmọ gbà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa gbilẹ̀. Bí ẹ bá ń fún un ní ampicillin, oògùn apakòkòrò mìíràn, pẹ̀lú, ẹ má pò wọ́n sínú sírínjì kan, torí ampicillin máa ń pa agbára gentamicin. Ẹ fi omi iyọ̀ ti abẹ́rẹ́ ṣan ojú iṣan láàárín méjèèjì.

Kí nọ́ọ̀sì kejì ṣe ìṣirò tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kó kàn wo tiyín kó ní ó dáa, ìyẹn ò tó rárá.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ 29 ni mo bí ọmọ mi. Wọ́n ní kaféènì, irú èyí tó wà nínú kọfí, ni wọ́n ń fún un. Ṣé kò ní pa á lára? (Ìyá ọmọ, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú, màmá. Ibi tó ń darí èémí nínú ọpọlọ rẹ̀ kò tíì gbó, ìyẹn ló fi lè gbàgbé láti mí fún ogún ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kaféènì ló ń ta á jí. Caffeine citrate 20 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí 24, ó di 5 sí 10 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Àyà rẹ̀ lè máa sáré, ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi ń ka ìlù ọkàn rẹ̀ kó tó fún un. Tó bá ju 180 lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á pe dókítà.

Nígbà tí ọjọ́ orí ọmọ, tí a bá kà á láti inú oyún, bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34 ni wọ́n sábà máa ń dá a dúró, àmọ́ ó máa ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣì dúró fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á. Kọfí ilé kò lè rọ́pò rẹ̀ láé.

Ìbéèrè: Ara ọmọ wa le, kí ló dé tí wọ́n fi gún un ní fítámì K? (Bàbá ọmọ, Ìlọrin)

Ìdáhùn: Fítámì yìí ni ara fi ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, díẹ̀ ló sì wà lára ọmọ tuntun. Láìsí i, ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ọpọlọ láìsí àmì kankan ṣáájú. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé jẹ́ 1 mg sínú ẹran itan, lẹ́ẹ̀kan péré; 0.4 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan ni ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Kí wọ́n má fa á láti inú ìgò oní-10 mg tí wọ́n ń lò fún àgbàlagbà.