Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Onímọ́tò: ọlọ́jà pátì ni àbí àwọn tó ń ṣe túùnìn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Kábbà ni mò ń gbé, Corolla 2006 ni mò ń wà, ọ̀tọ́mátíìkì ni. Tí mo bá gba ọ̀nà Ọ̀bàjánà tí mo fẹ́ kọjá tírélà sìmẹ́ńtì, kì í fà bó ṣe yẹ. Ẹnìkan tó ń ta pátì ní Ládípọ̀ ní òun ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i) tó máa bá a mu, kí n fowó ránṣẹ́, òun á fi bọ́ọ̀sì gbé e wá, mẹkáníìkì mi á so ó. Àwọn kan ní Àbújá tó jẹ́ pé túùnìn, ìyẹn kí wọ́n tún mọ́tò ṣe kó lè lágbára sí i, nìkan niṣẹ́ wọn ní kí n gbé mọ́tò wá, ṣùgbọ́n owó wọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọlọ́jà yẹn. Èwo ni kí n ṣe? (Ọmọ Owé)

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, àbúrò mi. Owó ọlọ́jà yẹn kéré torí tọ́bò nìkan ló fẹ́ tà fún ẹ, ìṣòro tó tẹ̀ lé e, ìwọ lo ni ín. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ tó wà nínú Corolla ẹ, wọn ò ṣe é fún tọ́bò, bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà ti jẹ́ 10 sí 1 láti Toyota, tí tọ́bò bá tún wá ń ti afẹ́fẹ́ mìíràn kún un tí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ò sì mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, epo ò ní tó afẹ́fẹ́, iná á máa jó nínú ẹ̀ kó tó àsìkò, wàá máa gbọ́ kà-kà-kà níwájú, kó o tó mọ̀ písítìn ti lu. Á gba ínjẹ́ẹ́tọ̀, nǹkan tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tó tóbi jù èyí tó wà níbẹ̀, á gba ẹni tó lè tún ètò epo àti ètò iná inú brain box kọ, gíà ẹ náà nkọ́, tó jẹ́ pé agbára ẹṣin bíi 130 ni wọ́n ṣe é fún? Mẹkáníìkì wa ní Kábbà mọ nǹkan í so, ọwọ́ wọn dá, ṣùgbọ́n síso gan-an ló kéré jù nínú iṣẹ́ yìí.

Mi ò bú ọlọ́jà pátì o. Ṣọ́ọ̀kì, bíréèkì pádì, pilọ́ọ̀gì, fílítà, gbogbo nǹkan tó ní nọ́ńbà lára, mú ti àtijọ́ dání lọ bá ọlọ́jà tó o mọ̀ kó o rà á, torí àwọn onítúùnìn náà, ọjà kan náà ni wọ́n ti ń rà á kí wọ́n tó fowó lé e fún ẹ. Nǹkan tó bá ti kan brain box ni kó o gbé tọ̀ wọ́n lọ. Ìyẹn náà, kó o la ojú ẹ, torí ọ̀pọ̀ wọn ọlọ́jà náà ni, bọ́ọ̀dù tó rẹwà ni wọ́n fi yàtọ̀. Bi wọ́n bóyá wọ́n ní dáínò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé táyà mọ́tò lé tó ń wọn agbára ẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n ṣáájú kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Bi wọ́n bóyá wọ́n máa kọ́kọ́ da fáìlì inú brain box tó bá mọ́tò wá kọ pamọ́. Ẹni tó bá ní kó o san owó kó tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ẹ, padà sílé jàre.

Èmi ò tiẹ̀ gbà pé tọ́bò lo nílò. Corolla 2006 tí ara ẹ̀ dá ò gbọdọ̀ máa lọ́ra lẹ́yìn tírélà báyẹn. Yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò, yẹ pilọ́ọ̀gì, ọ́ìlì gíà, kátálísì inú páìpù èéfín tó lè ti dí, kó o tó ná kọ́bọ̀ síbòmíì. Onítúùnìn tó bá jẹ́ olóòótọ́ á sọ fún ẹ pé ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò láti ilé, tó o bá tún brain box ẹ̀ kọ, díẹ̀ ló máa fi kún un. Mọ́tò bíi Volkswagen Golf 5 GTI tó bá tọ́bò àti agbára ẹṣin 200 wá, níbẹ̀ ni owó túùnìn ti ń hàn, àmọ́ ta ló máa tún un ṣe fún ẹ ní Kábbà tó bá kọṣẹ́?

Ọ̀nà Ọ̀bàjánà yẹn, kìlómítà 43 ni wọ́n fi kọnkéré tẹ́, ó ń tan èèyàn láti sáré. Bí mọ́tò á ṣe dúró ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Bíréèkì, táyà, ṣọ́ọ̀kì ni kó o kọ́kọ́ náwó lé. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta sìpíríǹgì kúkurú fún ẹ kí mọ́tò lè sùn sílẹ̀, tó o bá kọjú sí Mọ̀pà, kòtò á há abẹ́ ẹ̀ jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, fọkanáísà wa ní táyà tòkúnbọ̀ tí òun ń tà ò tíì gbó. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? (Ìyá Ìbejì, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ ń wò. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Tẹ́ ò bá rí nọ́ńbà náà, ẹ yí táyà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, apá kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fá a dànù, ẹ fi táyà yẹn sílẹ̀ fún un.