Ṣé bí lẹ́tà bá ṣe gbó tó ni pósítà yóò ṣe jọ ti àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo rí fọ́ǹtì kan wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: lẹ́tà rẹ̀ ki, ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó gbó, ó kún fún àpá. Òun ni mo fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú pósítà eré orí ìtàgé kan, àtòkè délẹ̀. Oníbàárà ní kò jọ ti àtijọ́ lójú òun. Ṣé kí n wá èyí tó gbó jù báyìí lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Àpá tó wà nínú èyí tí ẹ lò gan-an ti pọ̀ jù. Àwọn tó ń ta àkójọ fọ́ǹtì ló ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé gbígbó ni àtijọ́, ó sì ń bí mi nínú, torí owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

Ní London ni lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè ní slab serif, ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1810, nítorí pé àwọn olùpolówó ọjà fẹ́ ohun tí yóò hàn láti òkèèrè. Ibẹ̀ náà ni Robert Besley ti gbé irú lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní Clarendon jáde ní 1845. Ní New York, Darius Wells ti ṣe ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ lẹ́tà onígi tí wọ́n fi ń tẹ pósítà ní 1827. Igi maple líle tí wọ́n rẹ́ ní ìbú ni wọ́n ń lò, kí ojú rẹ̀ má baà tètè họ. Dúdú kíkún ni atẹ̀wé ìgbà náà ń wá. Bí igi bá fi ara gbá nǹkan tó ṣẹ́ létí, àdánù ni lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹwà.

Ẹ wá wo àkọlé yín, ALÁGBÁRA. A mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ihò kan náà sì wà lẹ́sẹ̀ òsì gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ atẹ̀wé onígi, igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni A mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kálukú pẹ̀lú ọgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ojú oníbàárà yín rí nìyẹn, bí kò tilẹ̀ mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ẹ̀ tó wà nínú orúkọ òṣèré wá burú jù: kò sí nínú fọ́ǹtì náà, kọ̀ǹpútà bá lọ yá a níbòmíràn, ló bá ń dán gbinrin láàárín àwọn elápàá.

Ẹ fi fọ́ǹtì mímọ́ tó jọ Clarendon kọ àkọlé, èyí tó gba àmì ohùn àti àmì abẹ́. Ẹ lo fífẹ̀ àti tínrín pọ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan kún dé etí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwòrán yíǹkì tó ṣá bo ìlà náà lápapọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí àpá má baà bọ́ sójú kan náà lára lẹ́tà méjì. Bí ẹ bá kọ̀ tí ẹ fẹ́ lo elápàá yẹn, ẹ dán lẹ́tà kékeré rẹ̀ wò. Àwọn fọ́ǹtì mìíràn máa ń fi àwòrán kejì ti lẹ́tà ńlá pamọ́ síbẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi kọ déètì àti àdírẹ́sì láé. Àpá wẹ́wẹ́ yẹn máa ń dí pa bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ.

Ti ọ̀fẹ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìlò ara ẹni nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda, pósítà tí wọ́n sanwó fún kò sì sí lára rẹ̀. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ ka ìwé àṣẹ tó bá a wá. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé.