Àwòrán Tolúlọpẹ́ lára ògiri pálọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Tíṣà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lẹ àwòrán Tolúlọpẹ́ Arótilé, ọmọ tó ń wa hẹlikọ́pítà ogun, mọ́ ògiri pálọ̀ wa. Ó ní òun náà á wa bàálù. Bàbá rẹ̀ ní ká yọ ọ́ dànù. Ó ní bàálù já, ó pa ọmọ ọlọ́mọ, kí la fẹ́ fi àwòrán ẹni tó kú ní rèwerèwe ṣe nínú ilé? Ọ̀rọ̀ ti di ìjà. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì, Ayétòrò, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí baálé yín. Ẹ má rò pé ẹ̀yìn yín ni màá gbè sí o, òun náà lẹ́jọ́ tiẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, àwòrán ẹni tó gbó tó tọ́ la ń gbé kọ́ pálọ̀. Bàbá mi tó lò ju ọgọ́rin ọdún ṣì ń wo gbogbo àlejò mi láti òkè tẹlifíṣọ̀n, ní Òkè-Fìà níbí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó kú lọ́mọ ogún ọdún, ìsàlẹ̀ àpótí ni ìyá wa fi fọ́tò tiẹ̀ sí, ó fi gèlè wé e. A kì í sì í jẹ́ kí òbí rí sàréè ọmọ. Ohun tí baálé yín mọ̀ ló sọ.

Ibi tí mo ti fi bírò pupa fà á ni pé bàálù kò já. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, 14 oṣù Keje 2020, orí ilẹ̀ ni Tolúlọpẹ́ wà, nínú bárékè àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní Kàdúná. Àlàyé tí ilé-iṣẹ́ ológun náà ṣe ni pé ẹnì kan tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé girama rí i, inú rẹ̀ dùn, ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn kó lè kí i. Ọkọ̀ gbá a, ó forí lulẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ìgbà Kòró ni, kò síbi tí èèyàn ń lọ; nígbà tí mo gbọ́, mo kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ti fò lórí igbó àwọn agbébọn ní ìpínlẹ̀ Niger! Kó wá jẹ́ mọ́tò tó ń rìn sẹ́yìn.

Ẹ ní kí ọmọ yín jókòó ti bàbá rẹ̀, kó ròyìn ẹni tó wà nínú àwòrán yẹn fún un. Ará wa ni. Ọmọ Yorùbá Òkun ni, láti Iffe ní Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàdúná ni wọ́n bí i sí, 13 oṣù Kejìlá 1995. Ọdún 2012 ló wọ NDA, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun. Ọdún 2011 sì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin láyè láti kọ́ṣẹ́ ojú ogun níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé kò tíì jókòó dáadáa tó fi dé. Ìṣirò ló sì kà. Ẹ gbọ́? Ìṣirò! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọ, tí àwọn ọmọbìnrin ń bi mí pé, “Mà, kí la fẹ́ fi ṣe?” Ọjà ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ, tòmátì àti ṣéńjì. Ní 2019, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní South Africa, ọmọ yìí gba ìyẹ́, báàjì àwọn awakọ̀ òfuurufú, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikọ́pítà ogun ní Nàìjíríà. Kò lo ìyẹ́ náà pé ọdún kan. Ibi ìsìnkú àwọn ológun ní Àbújá ni wọ́n sin ín sí, 23 oṣù Keje.

Ẹ gbé àwòrán náà kúrò ní pálọ̀. Orí tábìlì ìwé ọmọ yín ni kó wà, kí ó kọ ọjọ́ tí wọ́n bí Tolúlọpẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí baálé yín gbé àwòrán bàbá tiẹ̀ kọ́ ògiri. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà á, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá di 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun tó kú, òun fúnra rẹ̀ ni kó mú ọmọ lọ wo bí wọ́n ṣe ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. (Ẹyẹlé máa ń kọ̀ kò ní fò nígbà mìíràn. Wọ́n á máa tì í nídìí.)

Ẹ ò sọ bó ṣe ń ṣe sí nínú ìṣirò. JAMB ló máa kọ́kọ́ ṣe, NDA ni kó sì yàn ṣáájú. Kó wá bá mi ní Sátidé, aago mẹ́rin, kó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ dání, èyí tí tíṣà ti máàkì. Tí òjò bá rọ̀, kó wọ bàtà rọ́bà. Àdúgbò wa kò ní gọ́tà.