Níbo lọmọ mi ti lè kọ́ iṣẹ́ ọnà lẹ́yìn ilé ìwé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 13, ó wà ní kọlẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu. Kò síbi tí kì í yàwòrán sí: ẹ̀yìn ìwé, ara ògiri, títí dórí páálí ọṣẹ. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni títí, mi ò rí pátákó kankan. Bàbá rẹ̀ ní ká fà á lé agbẹ́gilére kan lọ́wọ́, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ pa ìwé tì. — Ìyá ọmọ, Kétu

Ìdáhùn: Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má wá pátákó mọ́. Ọgbà ọ̀gá kan ni irú ibẹ̀ sábà máa ń jẹ́, lábẹ́ igi, tí ẹ̀ẹ́rún igi kún ilẹ̀. Kétu tó jẹ́ ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìran oníjó tí wọ́n ń gbé ère igi sórí, tí UNESCO ti kà mọ́ ogún aráyé láti 2001, agbẹ́gilére ò lè wọ́n níbẹ̀. Ẹ má fojú di àwọn tó ń kun pátákó onígbàjámọ̀ náà. Wọ́n mọ ìlà, wọ́n mọ àwọ̀.

Bàbá ọmọ ò ṣìnà, ṣùgbọ́n kíkọ́ ọnà yàtọ̀ sí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ a máa pọnmi, a máa gbálẹ̀, a máa jíṣẹ́ ìyàwó ọ̀gá. Kí ẹ sọ ọ́ yé ọ̀gá kí ọmọ tó jókòó: ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí kò bá sí ilé ìwé, ta ni yóò ra igi, ta ló ni iṣẹ́ tó bá parí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù kan ni kí ẹ san, ẹ má san ti ọdún.

Ẹ ní kí ọ̀gá kó iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ti kọ́ jáde. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọra bí ìbejì, àdàkọ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bí ọ̀gá bá sì ń já pẹ́ńsùlù gbà lọ́wọ́ ọmọ láti bá a tún un ṣe, ẹ yáa máa lọ síbòmíràn.

Ní ti ère, ìpele mẹ́rin ni àwọn àgbà ń kà: ọ̀nà lílé, níbi tí àáké ti ń ṣí orí àti ara sílẹ̀ lára ìtì igi, àlétúnlé, tí ojú, imú àti etí ń yọ, dídán, lẹ́yìn náà fínfín, tí ọ̀bẹ ń gé ilà ojú àti irun. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ ọdún 13 ti bẹ̀rẹ̀, níbi dídán àti fínfín. Àáké lè dúró. Igi tútù ló rọrùn í gbẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá fi í sínú oòrùn, ara á gbẹ ṣáájú inú, á sì là. Ibòji ni kó wà, kí wọ́n fi àpò tútù bò ó.

Nílé, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra èédú ìyàwòrán. Ẹ wá ẹ̀ka igi gbígbẹ tó tóbi tó pẹ́ńsùlù, ẹ bó èèpo rẹ̀, ẹ kó o sínú agolo onídèérí kó kún dáadáa. Ẹ fi ìṣó lu ihò kan ṣoṣo sí ìdérí, ẹ gbé e sínú iná. Èéfín á máa yọ níbi ihò yẹn. Ìgbà tó bá dá ni kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má ṣí i títí yóò fi tutù pátápátá, torí bí atẹ́gùn bá wọlé nígbà tó ṣì gbóná, eérú lẹ máa bá. Èyí tó bá ní àwọ̀ ilẹ̀ nínú kò jinná. Á kàn máa ha ìwé ni. Ìwé fọtokópì, oní-giráàmù 80, tó fún èédú. Ọ̀dà olómi á wú u. Oní-giráàmù 200 sókè ni kí ẹ rà fún ọ̀dà.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi, ọdún 14, orí fóònù ló ti ń wo bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Ṣé ìyẹn ò tó? — Bàbá kan, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ìdáhùn: Kò tó, bàbá. Fóònù ti sọ ilé di pẹlẹbẹ kó tó dé ojú ọmọ. Ẹ ní kó lọ dúró ní òdìkejì mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́, èyí tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Bàhíà. Kó na ọwọ́ gbọọrọ, kó di ojú kan, kó fi pẹ́ńsùlù àti àtàǹpàkò wọn gíga ilé ìṣọ́ rẹ̀, kó wá wo iye ìgbà tí ìwọ̀n yẹn wọ inú fífẹ̀ iwájú ilé náà. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá ti ká díẹ̀, ìwọ̀n ti bàjẹ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù tí wọ́n ti ń ṣìṣe. Ogún ìṣẹ́jú tó, kó tó tún un yà.

Ẹ béèrè ní ilé àṣà Ouadada níbẹ̀ bóyá wọ́n ní ètò fún ọ̀dọ́ nígbà ìsinmi. Bó bá sì ń ráhùn pé òun ò ní irinṣẹ́, ẹ fi iṣẹ́ Romuald Hazoumè hàn án, ọmọ Àjàṣẹ́ tí wọ́n bí ní 1962: bídọ́ọ̀nù ẹ̀sáǹsì tí wọ́n ti sọ nù ló fi ń ṣe ojú ènìyàn, ọwọ́ bídọ́ọ̀nù ni imú, ẹnu rẹ̀ náà ni ẹnu.