Ṣé "ilé yá" ni ìtumọ̀ Iléyá?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékúmù, Àfáà wa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kò yẹ kí Mùsùlùmí máa pe ọdún ẹran ní Iléyá, nítorí pé "ilé yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ" lásán ni ọ̀rọ̀ náà, àti pé ẹni tí kò bá padà sí ìlú rẹ̀ kò ṣe ọdún. Ìlú Ọba ni mo ń gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn: Wà àlékúmù sàlámù. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín nìkan ni ó ń túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọdún bá ku ọ̀la, tí èrò kún ibùdókọ̀, tí àgbò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ké, "ilé yá o" ni ẹ ó máa gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì bá ìṣe wa mu débi pé a kì í bèèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Ní tèmi, èdè Lárúbáwá ni orísun tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ẹran tí a ń pa ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Súúlú-híjà ni Lárúbáwá ń pè ní al-uḍḥiyah. Àwọn Haúsá ń pè é ní layya. Àwa ń pe ọdún rẹ̀ ní Iléyá. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé "ḍ" di "l", kí ó rántí ohun tí ó ń ṣe bí ó bá gbé búta omi rẹ̀ kí ó tó kírun: al-wuḍū' ni Lárúbáwá ń pè é, àwa sì ń pè é ní àlùwàlá. "Ilé" àti "yá" tí a ń gbọ́ nínú orúkọ náà, etí Yorùbá ni ó fi kún un.

Ọ̀rọ̀ uḍḥiyah fúnra rẹ̀ sì bá ḍuḥā tan, èyí tí í ṣe ìyálẹ̀ta, àsìkò tí oòrùn ti gòkè díẹ̀ tí a sì ti kírun ọdún tán. Ìdí nìyí tí orúkọ yìí fi wúlò ju àríyànjiyàn lọ, nítorí pé àsìkò ìpẹran wà nínú rẹ̀. Nínú hàdíìsì tí Al-Barā', ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì, sọ fún wa, tí Bùhárì àti Múslímù kọ sílẹ̀, Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní ìrun ni a ó kọ́kọ́ kí lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà ni a ó padà lọ pa ẹran. Ẹni tí ó bá pa tirẹ̀ ṣáájú ìrun, ẹran jíjẹ lásán ni ó pa fún ará ilé rẹ̀.

Ẹ má fi orúkọ náà da ara yín láàmú. Yídì tí a ń pe pápá ìrun ọdún, ‘īd náà ni. (Ìtúnu Àwẹ̀ ni tiwa pátápátá: títú ẹnu ni, kì í ṣe ìtùnú bí àwọn kan ṣe ń kọ ọ́.) Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pípe ọdún ní Iléyá, bẹ́ẹ̀ ni ìrìn-àjò kò sí lára ohun tí ọdún fi ń pé. Ẹ kírun yín ní Ìlú Ọba, kí ẹ sì pa ẹran yín ní ilé ìpẹran tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí, tàbí kí ẹ fi ẹlòmíràn ṣe aṣojú tí yóò pa á fún yín lẹ́yìn ìrun.