Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì tan iná ojú títì ní Lọ́ńdọ̀nù?
Ọdún 1807 ni, ní òpópónà Pall Mall, nígbà tí Frederick Albert Winsor, ọmọ Jámánì kan, to àtùpà sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí ó sì fi ọ̀pá fa gáàsì dé ìdí wọn láti ilé rẹ̀. Inú èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni gáàsì náà ti ń wá: wọn a dé èédú mọ́ inú ìkòkò irin tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, wọn a dáná sí i lábẹ́, ohun tó bá rú jáde, tí wọ́n sì ti sẹ́ mọ́, ni ó ń jó lórí òpó. Ní ọdún 1812, ilé-iṣẹ́ Gas Light and Coke Company gba ìwé àṣẹ ìjọba; kí ọdún 1813 tó parí, iná gáàsì ti wà lórí afárá Westminster. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni títan rẹ̀ o, nítorí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni atanná ń gbé ọ̀pá gígùn tí iná wà ní ṣóńṣó rẹ̀ láti òpó dé òpó, tí yóò sì tún padà wá pa wọ́n ní ìdájí. Iná mànàmáná ló gba ipò rẹ̀ nígbẹ̀yìn, síbẹ̀ àtùpà gáàsì tó ṣẹ́kù ní Lọ́ńdọ̀nù ṣì ju 1,000 lọ.