Ajá méje nílé, ọkọ ń bínú: ṣé kí n fi iṣẹ́ mi sílẹ̀?

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdẹ ni mí, Òkè-Ògùn ni wọ́n ti bí mi, Ìbàdàn ni mo ń gbé báyìí. Ajá ni mo ń kọ́. Àwọn onílé ńlá àti àwọn tó ní oko adìẹ ló ń gbé ajá wọn wá fún mi, kí n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ṣọ́lé. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ajá méje ló wà lọ́dọ̀ wa: méjì jẹ́ tèmi, márùn-ún jẹ́ ti oníbàárà. Tíṣà ni ọkọ mi. Ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ mẹ́rin. Owó ajá la fi ń san owó ilé ìwé wọn, òun la sì fi ń san owó ilé. Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ó ní ajá ni mo fẹ́ sílé, pé òun kàn ń bá wa gbé ni. Láti ìdájí ni mo ti máa ń wà lẹ́yìnkùlé, nígbà tí mo bá sì wọlé lálẹ́, oorun ló kù. Ìyá ọkọ mi kì í kírun nílé wa mọ́, wọ́n ní ajá ti ba ilé jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajá ńlá oníbàárà kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Boerboel, já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin mi, eyín rẹ̀ sì ha á lọ́wọ́. Kò jinlẹ̀, mo fi Dettol nù ún. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ní kí n yàn: ajá tàbí ilé. Ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni? Ọmọbìnrin mi tún fẹ́ràn ajá, ó fẹ́ máa bá mi kọ́ wọn. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìyá Alájá, Ìbàdàn

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo sì kí bàbá àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọmọ yẹn la óò kọ́kọ́ sọ, torí kò lè dúró de ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Dettol nìkan kò tó. Gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù lónìí. Sọ fún dókítà pé eyín ajá ló ha á, kí o sì sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, iye tí wọ́n bá kọ fún un ni kó gbà pé, má jẹ́ kó fi ìkankan sílẹ̀ torí pé ara rẹ̀ le. Má sọ fún ara rẹ pé kò jinlẹ̀. Inú itọ́ ajá ni kòkòrò àìsàn yẹn ń gbé, ibi tí eyín ti họ awọ ara díẹ̀ sì tó ọ̀nà fún un láti wọlé. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sí oògùn rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nínú èèyàn 100 tí ẹranko tí wọ́n fura sí pé ó ní dìgbòlugi bù jẹ, bíi 40 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ìyẹn ni mo ṣe ń kán ọ lójú. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù. Kò gba epo, kò gba ata, kò gba àgbo.

Lẹ́yìn náà, pe ẹni tó ni Boerboel yẹn, kí o ní kó gbé káàdì abẹ́rẹ́ ajá rẹ̀ wá. O ò sọ nínú lẹ́tà rẹ pé o ti rí i rí, ọkàn mi sì ń sọ fún mi pé o ò rí i. Ọjọ́ 10 ni wọ́n fi ń ṣọ́ ajá tó bá bu èèyàn jẹ, láti ọjọ́ tó bù ú jẹ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àìsàn wà lára rẹ̀. Ojú dókítà ẹran ló yẹ kí ó wà ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù yìí. Bi àwọn tó ń fún ajá tìrẹ ní abẹ́rẹ́, tàbí kí o lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n á ti máa ṣọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá pé, kí olówó rẹ̀ wá mú un. Kó má padà sí ilé yín mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà náà bẹ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi owó kún owó.

Kì í ṣe pé ajá náà burú. Ajá ńlá tí wọ́n gbé kúrò nílé rẹ̀ wá sí ilé àjèjì, tí kò tíì mọ ọmọ yín, tó rí búrẹ́dì níwájú imú rẹ̀ gan-an, ohun tó ṣe yẹn ló máa ṣe. Ohun tó burú ni pé ọmọ ọdún mẹ́rin àti ajá oníbàárà wà lójú kan náà, tí kò sí ilẹ̀kùn láàárín wọn.

Níbi tí mo ti fẹ́ bá ọ wí gan-an nìyẹn. N kò ní sọ pé kí o fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń san owó ilé ìwé ọmọ ni, iṣẹ́ ìdílé yín sì ni. Àmọ́ rántí bí bàbá rẹ ṣe ń ṣe é. Inú igbó ni ọdẹ ti ń kọ́ ajá. Á so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, á jẹ́ kó tẹ̀ lé àgbà ajá tó ti mọ iṣẹ́, ibi tí iṣẹ́ wà náà ni ẹ̀kọ́ wà. Bí wọ́n bá délé, ajá á lọ sùn sẹ́yìn àdìrò, ọdẹ á di bàbá ọmọ. Ìwọ kó igbó wá sínú ilé. Ibi tí ajá ti ń gbó mọ́ àjèjì ni ọmọ ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ibẹ̀ náà ni ìyá ọkọ ti ń wá àyè kírun. Kò sí ilé tí irú ẹ̀ kò ní fa ìjà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ pé áńgẹ́lì lo fi ṣọkọ.

Ajá méje sì pọ̀ jù fún ẹnì kan. Bí o bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan péré lóòjọ́, wákàtí méje ti lọ nìyẹn, o ò tíì kó ìgbẹ́ wọn, o ò tíì yọ eégbọn létí wọn, o ò tíì gbé ìkòkò ìrẹsì àti ẹsẹ̀ adìẹ wọn kaná. Mo fẹ́ kí o wo ìkòkò yẹn láàárọ̀ ọ̀la: èwo ló kọ́kọ́ ń dé orí iná, ti ajá ni àbí ti àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé? Ìwọ nìkan lo lè dáhùn, ọkọ rẹ sì ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tipẹ́.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù máa bà ọ́ pé bí o bá dín àkókò kù, ajá kò ní mọ iṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2008, ìwádìí kan jáde ní Denmark lórí àwọn ajá Beagle. Wọ́n ń kọ́ àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn kan ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ni iye ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kéré. Lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ tó gbà wọ́n pọ̀ ju ti àwọn kejì lọ, àmọ́ ó fi hàn pé ìsinmi kì í pa ẹ̀kọ́ ajá. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, tí o fara balẹ̀ ṣe, tí ajá ṣe dáadáa kí o tó dúró, ó dára ju wákàtí kan tí ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ìwọ náà ti ń pariwo. Ọ̀pọ̀ nínú ìdájí tí o ń fi ṣòfò yẹn, kò wọ orí ajá kankan.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Ajá oníbàárà tí yóò máa sùn nílé yín kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ nígbà kan náà. Ẹni tó bá tún wá, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó dúró de àyè. Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ dára á dúró, pàápàá lásìkò tí ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo ènìyàn yìí. Àwọn tó kù, lọ máa kọ́ wọn nílé olówó wọn, ní wákàtí tí àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Ó tilẹ̀ dára fún iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ajá tí o kọ́ lẹ́yìnkùlé rẹ, ìwọ ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bó bá dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀, tí kò mọ géètì ibẹ̀, tí kò mọ mégáàdì, tí olówó rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún un, láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n á tún gbé e padà wá fún ọ. Ilé tí yóò ṣọ́ ni kó ti kẹ́kọ̀ọ́, olówó rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Fi owó ọkọ̀ àti wàhálà rẹ kún owó iṣẹ́, má tijú.

Pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé dé nígbà tí alẹ́ bá lẹ́. Yan aago kan, kí o má yẹ̀ ẹ́. Wẹ̀ kí o tó wọlé, kí o ní aṣọ àti sálúbàtà tí kì í wọ yàrá. O lè rò pé nǹkan kékeré ni. Òórùn ajá lára ìró ìyàwó kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ọkọ, pàápàá ọkọ tó ti ń rò ó pé òun ló kẹ́yìn nínú ọkàn rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó sọ pé ajá lo fẹ́ yẹn, kì í ṣe owú ajá ló ń jẹ ẹ́. Ìwọ ló ń wá. Ó ń rí ẹni tó ti rẹ̀ lálaalẹ́, kò rí ìyàwó rẹ̀. Pè é jókòó lọ́jọ́ Sátidé, má mú fóònù dání. Fi ìwé owó hàn án: iye tó wọlé, iye tí oúnjẹ ajá gbé lọ, iye tó ṣẹ́kù. Jẹ́ kó ní ẹnu nínú ajá tí ẹ máa gbà àti èyí tí ẹ máa kọ̀, torí ilé rẹ̀ náà ni wọ́n ń wọ̀. Kí o sì gbọ́ èyí dáadáa: bí inú bá tilẹ̀ bí ọ dé òkè, má sọ ọ́ láéláé pé owó ajá ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Ó mọ̀. Òun ló ń dùn ún.

Ẹ̀yin bàbá àwọn ọmọ, bí ẹ bá ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ “ajá tàbí ilé” fún un mọ́. Ẹ bínú lórí ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọmọ, ẹ jàre níbẹ̀ pátápátá. Àmọ́ obìnrin tó ń jí ní ìdájí kí àwọn ọmọ yín lè wọ yunifọ́ọ̀mù kò sá kúrò nílé. Ẹ̀yin ń tètè dé láti ilé ìwé. Ẹ wẹ àwọn ọmọ, ẹ gbé oúnjẹ wọn kalẹ̀, ẹ bá wọn ka ìwé, kó lè bá yín nílé nígbà tó bá wọlé. Ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pọ̀bọ, ìyàwó yín náà nílò ẹni lẹ́yìn.

Ó ku màmá, ìyá ọkọ rẹ. Èmi kì í ṣe àáfà, n kò sì ní ṣe bí àáfà. Mo mọ̀ pé Kùránì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹranko tí wọ́n kọ́ láti máa dọdẹ, nínú Súúrà Al-Mā'idah, áyà 4, pé ohun tí wọ́n bá mú wá fún ẹni tó kọ́ wọn tọ́ láti jẹ. Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tó kọ̀ fún èèyàn láti máa sin ajá lásán sì yọ ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti ajá oko sílẹ̀. Mazhab Màlíkì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ gbà ń túmọ̀ òfin Ìsìláàmù, ni ọ̀pọ̀ àáfà ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé, ọ̀rọ̀ itọ́ ajá kò sì le níbẹ̀ tó bó ṣe le nínú mazhab Sháfíì. Mo ń sọ èyí kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ ni, má fi bá ìyá ọkọ rẹ jiyàn. Àáfà tí màmá fọkàn tán ni kó bá wọn sọ ọ́, ọmọ wọn ni kó sì lọ bá àáfà náà. Tìrẹ ni pé láti òní lọ, ajá kankan kò gbọ́dọ̀ wọ pálọ̀, títí kan méjèèjì tó jẹ́ tìrẹ. Wá igun kan nínú yàrá tó mọ́, ra ẹní tuntun sí i, ra búùtà tí omi àlùwàlá màmá nìkan ni yóò máa wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dé, kúnlẹ̀ kí wọn, kí o fi ibẹ̀ hàn wọ́n, má ṣàlàyé púpọ̀. Wọ́n lè má kírun níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Má jẹ́ kó dùn ọ́, ṣáà máa jẹ́ kí ibẹ̀ mọ́.

Ọmọbìnrin yín ńkọ́? Gbà fún un, inú mi dùn sí i. Ajá tìrẹ tó ti dàgbà, tí ara rẹ̀ tutù, ni kó fi bẹ̀rẹ̀, níṣojú rẹ, lẹ́yìn tó bá ti parí iṣẹ́ ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ jọ máa lò: bí ìwọ bá ń sọ “Sit”, kí òun má sọ “Jókòó”, ajá ò ní mọ èyí tí yóò ṣe. Rí i pé ajá náà ń lo oògùn aràn lásìkò tí dókítà ẹran bá dá fún un, torí ẹyin aràn inú ìgbẹ́ ajá máa ń wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ rò, kó sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ti ṣe tán. Ajá oníbàárà kò sí nínú ohun tí mo ń sọ yìí. Kó má ṣílẹ̀kùn kéèjì wọn, kó má gbé àwo oúnjẹ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ náà dúró síbẹ̀. Bó bá pé ọdún 15 tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà nínú iṣẹ́ náà, nígbà náà kí ìwọ àti bàbá rẹ̀ jókòó lé e lórí.